“Kò Nílò Fáìlì” Ni Wọ́n Kọ Sára Páálí, Irọ́ Ni!

Ó ti sú mi! Ta ló ń kọ “ó bá gbogbo 1911 mu, kò nílò fáìlì” (ìyẹn irin tí a fi ń rẹ́ irin) sára páálí àwọn ẹ̀yà ìbọn ìléwọ́ tí wọ́n ń pè ní 1911 tí à ń rà yìí?

Ìbọn tuntun ni mo rà, láti ilé iṣẹ́ tààrà. Irin kékeré orí rẹ̀ tí a fi ń wo ọ̀kánkán ò hàn sí mi dáadáa, mo ní kí n pààrọ̀ rẹ̀ nílé. Èyí tí mo kọ́kọ́ rà tóbi ju ojú ihò rẹ̀ lọ. Mo dá a padà. Wọ́n fi òmíràn ránṣẹ́, orúkọ kan náà, páálí kan náà. Èyí ń mì pẹkẹpẹkẹ bí eyín tó fẹ́ yọ. Ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń gé ihò yẹn bó ṣe wù ú, wọn ò sì ní kọ ìwọ̀n rẹ̀ síbì kankan.

Ìyẹn ṣì kéré. Ti ìdènà tí à ń fi àtàǹpàkò tì sókè kí ìbọn má bàa yìn ló ń bí mi nínú jù. Irin kan wà nínú ìbọn tó di òòlù rẹ̀ mú. Ìdènà gbọ́dọ̀ fara ti irin yẹn gẹ́lẹ́. Bó bá nípọn jù, kò ní lọ sókè. Bó bá tín-ín-rín jù, á lọ sókè wẹ́rẹ́, ẹni tó ni ín á rò pé òun ti tì í, kò sì di nǹkan kan mú! Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń rẹ́ ẹ, kí wọ́n máa dán an wò láìsí ọta kankan nínú ìbọn. Ẹ wá kọ ọ́ sára páálí pé kéèyàn kàn tì í bọ inú ẹ̀? Ẹ̀mí èèyàn mà ni!

Ẹ má sì sọ fún mi pé kò ṣeé ṣe. John Browning ló ṣe ìbọn yìí, ọdún 1911 sì ni àwọn ológun Amẹ́ríkà gbà á. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, Remington Rand tó ń ṣe ẹ̀rọ taípù ṣe é. Union Switch & Signal, àwọn oníṣẹ́ ojú irin, ṣe é. Singer, àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ, ṣe 500. Ìjọba ní dandan kí ẹ̀yà ti ọ̀kan máa wọ ti èkejì. Kò sí kọ̀ǹpútà lára ẹ̀rọ wọn nígbà yẹn o! Lónìí tí kọ̀ǹpútà ń gé irin, ẹ ò lè gé ihò kan kó dọ́gba?

Mo pe àwọn tó ṣe ẹ̀yà náà. Wọ́n ní kí n gbé e lọ fún alágbẹ̀dẹ ìbọn. Owó tí ìyẹn bù fún mi ju owó ẹ̀yà náà lọ. Àwọn tó ṣe ìbọn ní tiwọn ní bí ẹlòmíì bá ti fi fáìlì kàn án, wárántì ti parí nìyẹn.

Ẹ kọ ìwọ̀n sára páálí. Bó bá nílò fáìlì, ẹ sọ bẹ́ẹ̀. Kí ẹ sì dá owó mi padà.