Ta ló ní VR kò lè ṣiṣẹ́ lórí Linux?

Ọ̀sán Sátidé tó kọjá ni àbúrò mi kan gbé láàpútọ̀ọ̀pù rẹ̀ wá bá mi ní Bódìjà, ojú rẹ̀ fà ro. Ó ra headset Quest 2 tòkúnbọ̀, ìyẹn ohun tí wọ́n ń dé sójú láti wo VR (ayé tí kọ̀ǹpútà yà, tó dà bíi pé èèyàn wà nínú rẹ̀), ó sì gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Queen Cinema pé kí wọ́n bá òun so ó mọ́ Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà òun dípò Windows. Wọ́n ní kò ṣeé ṣe, pé VR kì í bá Linux ṣe, àfi káwọn nu gbogbo rẹ̀ kúrò, káwọn fi Windows sí i. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náírà ni wọ́n bèèrè. Ọpẹ́lọpẹ́ pé owó ọwọ́ rẹ̀ kò pé.

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Ó lé ní ọdún kan tí mo ti ń fi VR jẹun lórí Fedora, ọ̀kan nínú àwọn oríṣi Linux, kò sì sí Windows kankan nínú ilé mi.

Àwòrán ilé ni mo ń yà, Blender, app ìyàwòrán 3D, ni mo sì fi ń yà á. Láti ìgbà tí Blender 2.83 ti jáde lọ́dún 2020 ni èèyàn ti lè dé headset kó sì wọ inú ohun tó yà. Màmá kan tó ń kọ́lé sí Apáta wá wo àwòrán ilé ìdáná wọn. Lórí ìwé, wọ́n ní ó dáa. Mo dé headset fún wọn, wọ́n dúró sáàárín ilé ìdáná, wọ́n wo ọ̀tún wo òsì, wọ́n ní, "Níbo ni mo wá fẹ́ gbé odó mi sí?" A sún ògiri kí bíríkìlà tó fọwọ́ kan ìpìlẹ̀. Orí Linux ni gbogbo ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀.

App kan tó ń jẹ́ WiVRn ló ń so headset mọ́ kọ̀ǹpútà mi. Ọ̀fẹ́ ni, ó sì wà lórí Flathub, ibi tí wọ́n ti ń gba app Linux. Orí Monado, ètò ọ̀fẹ́ tó ń mú kí VR ṣiṣẹ́ lórí Linux, ni wọ́n kọ́ ọ lé, Monado sì ń tẹ̀lé OpenXR, ìyẹn ìlànà tí ẹgbẹ́ Khronos gbé jáde lọ́dún 2019 kí ẹni tó ń ṣe app VR má baà máa ṣe é lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún headset kọ̀ọ̀kan. Kọ̀ǹpútà ló ń ya àwòrán. Káàdì àwòrán rẹ̀ á fún un pọ̀ bíi fídíò, Wi-Fi á gbé e lọ sójú yín, headset náà á sì máa sọ fún kọ̀ǹpútà ibi tí orí àti ọwọ́ yín wà. Tí káàdì yín bá jẹ́ Radeon, dírẹ́fà rẹ̀ (ohun tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà lè lò ó) ti bá Linux wá, ẹ ò ní wá a kiri.

Ẹ jọ̀ọ́, kì í jẹ data o! Inú ilé ló ń yí: láti kọ̀ǹpútà sí router, láti router sí headset. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè lọ ní gbogbo Bódìjà, tèmi á ṣì máa ṣiṣẹ́. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ mójú tó ni kí router jẹ́ 5 GHz, kó wà nínú yàrá kan náà pẹ̀lú yín, kẹ́ ẹ sì fi wáyà so kọ̀ǹpútà mọ́ ọn.

Ibi tó ti máa ń dàrú ni firewall, ẹ̀ṣọ́ tó ń dí ohun tó fẹ́ gba orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọ kọ̀ǹpútà. Ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi jókòó tì í tí headset ò rí kọ̀ǹpútà. Ìgbà tí mo ṣí port (ẹnu ọ̀nà) 9757, ti TCP àti ti UDP (oríṣi ọ̀nà ìfiránṣẹ́ méjì), pẹ̀lú 5353 ti UDP, ó rí i lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó bá dìde níbẹ̀ lọ́jọ́ kìíní ló máa ń lọ sọ káàkiri pé Linux ò gba VR.

Wọ́n á ní Windows nìkan ni Meta, iléeṣẹ́ tó ṣe Quest, ṣe app kọ̀ǹpútà rẹ̀ fún. Bẹ́ẹ̀ ni, kí la fẹ́ fi ṣe? Àwọn míì ṣì di ọ̀rọ̀ ọdún 2015 mú, nígbà tí Oculus, iléeṣẹ́ headset tó wà lábẹ́ Meta, ní àwọn dá iṣẹ́ orí Linux dúró ná. Ní 2017, Valve, iléeṣẹ́ géèmù, ti gbé SteamVR, ètò VR tirẹ̀, wá sórí Linux. Quest tí wọ́n ń gbé kiri yẹn gan-an, Android ló wà nínú rẹ̀, Linux ló sì wà lábẹ́ Android. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, Valve kéde Steam Frame, headset tó ń lo SteamOS. Linux náà ni.

Mo gbà pé àwọn géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì kan wà tí ohun tí wọ́n fi ń ṣọ́ oníyànjẹ kò fẹ́ràn Linux. Àwọn yẹn ò ní ṣiṣẹ́.

Ní ti àbúrò mi, a fi WiVRn sí i, a ṣí àwọn port, ó dé headset. Nǹkan bí aago mẹ́jọ alẹ́ ni NEPA mú iná. Láàpútọ̀ọ̀pù wà lórí bátìrì, router wà lórí inverter. Ó ń na ọwọ́ síwá sẹ́yìn láàárín òkùnkùn, kò mọ̀ pé iná ti lọ.