Fọ́tò Tẹ́ Ẹ Gbé Sórí Commons, Tiyín Náà Ni

Ayàwòrán kan tún sọ ọ́ létí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá: "Ẹ̀gbọ́n, béèyàn bá ti gbé fọ́tò sórí Wikimedia Commons, kì í ṣe tiẹ̀ mọ́ nìyẹn." Commons yìí ni ibi ìkó-fọ́tò-sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí Wikipedia ti ń mú fọ́tò, tí aráyé sì lè lò. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi.

Ẹ ka láísẹ́ǹsì náà, ìyẹn ìwé àṣẹ tẹ́ ẹ fi ń gbé fọ́tò síbẹ̀, fúnra yín. CC BY-SA 4.0, ọ̀kan lára àwọn láísẹ́ǹsì Creative Commons táwọn èèyàn ń lò níbẹ̀, ò gba ẹ̀tọ́ àwòkọ (copyright) lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àyè ló fún aráyé, àyè ọ̀hún sì ní òfin: kí wọ́n dárúkọ yín, kí wọ́n tọ́ka sí láísẹ́ǹsì náà, kí wọ́n sọ ọ́ bí wọ́n bá yí nǹkan padà, kí wọ́n sì fi irú láísẹ́ǹsì kan náà sórí èyí tí wọ́n yí padà. Ẹni tó bá rú u, àyè ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Onílé tó gba àlejò ò torí ẹ̀ di ayálégbé.

Kóòtù pàápàá ti dá sí i. Lọ́dún 2006, Adam Curry, oníṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan, pe ìwé ìròyìn kan lẹ́jọ́ ní Amsterdam torí fọ́tò ẹbí rẹ̀ tí wọ́n mú lórí Flickr, ìkànnì táwọn èèyàn ń kó fọ́tò sí. Ìwé ìròyìn náà ní "public" (pé ó wà ní gbangba) làwọn rí lára ẹ̀. Kóòtù ò gbọ́ ìyẹn: láísẹ́ǹsì Creative Commons tó wà lórí ẹ̀ dè wọ́n, bí wọ́n bá sì tún dán an wò, 1,000 yúrò lórí fọ́tò kọ̀ọ̀kan. Curry fúnra rẹ̀ ò rí owó gbà-máà-bínú gbà, mo gbà bẹ́ẹ̀.

Tèmi ńkọ́? Ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé kan fẹ́ lo fọ́tò Òkè Olúmọ tí mo gbé síbẹ̀, àmọ́ wọn ò fẹ́ kọ orúkọ mi sí i. Mo ní kò burú, ẹ sanwó. Wọ́n sanwó, mo kọ ìwé àṣẹ ọ̀tọ̀ fún wọn, èyí tó wà lórí Commons ò sì yẹsẹ̀. Ta ló ń gbowó lórí ohun tí kì í ṣe tiẹ̀?

Àwọn kan á ní àwọn olówó á máa fi pawó, ká kúkú fi NC, èyí tí kò gbà kí wọ́n fi pawó, sí i. Commons ò gba NC, kò gba ND, èyí tí kò gbà kí wọ́n yí i padà, ọ̀rọ̀ parí. Òótọ́ ni pé ẹ ò lè gba àyè náà padà lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti fún wọn; ẹ rò ó kẹ́ ẹ tó tẹ bọ́tìnnì. CC0 lèyí tó ń jọ̀wọ́ ohun gbogbo, ọ̀tọ̀ sì ni bọ́tìnnì tiẹ̀.