Òòlù Kì Í Fún Irin Pọ̀

Ọ̀bẹ tí mo ṣe fún alápatà kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ ṣẹ́ sí méjì lórí egungun màlúù, ègé kan sì fò kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ọmọṣẹ́ rẹ̀. Ó dùn mí gan-an, nítorí mo lu ọ̀bẹ yẹn ju èyíkéyìí lọ lọ́dún náà. Ohun tí wọ́n fi kọ́ wa ní agbẹ̀dẹ ni pé bí ọmọ owú bá ṣe bọ́ lé irin tó ni irin ṣe ń fún pọ̀, tó sì ń le. Oníbàárà gbà bẹ́ẹ̀, ọmọṣẹ́ gbà bẹ́ẹ̀.

Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Sípíríǹgì ọkọ̀ akẹ́rù tí a fi ń ṣe ọ̀bẹ ti dì kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Gé e ní sẹ̀ǹtímítà 1 lóròó, 1 níbùú, 1 ní nínípọn, nǹkan bíi gíráàmù 7.8 ni yóò wọ̀n, ì báà jẹ́ kí a tó lù ú tàbí lẹ́yìn tí a lù ú. (Irin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ́ dà lè ní ihò nínú, lílù sì lè pa ihò yẹn dé. Sípíríǹgì kò sí lára irú ìyẹn.)

Hóró inú irin, ìyẹn àwọn ègé wínníwínní tó so mọ́ra di irin, ló ń yí padà. Mo gbé ojú ibi tí ọ̀bẹ yẹn ti ṣẹ́ sínú oòrùn: ó ń dán wínníwínní bí iyọ̀ oníhóró. Irin tí iṣẹ́ rẹ̀ pé, bó bá ṣẹ́, á rí bí eérú, á kúnná bí èlùbọ́ tí a jọ̀.

Ẹ fi hóró kọ̀ọ̀kan ṣe oko kan, tí ebè rẹ̀ kọjú síbi tó wù ú. Omi tó ń gba poro oko kan lọ, bó bá kan ebè aládùúgbò tó dábùú, á dúró. Bẹ́ẹ̀ ni irin ṣe ń tẹ̀: ìlà átọ́ọ̀mù kan á máa yọ̀ lórí èkejì nínú hóró, títí yóò fi kan ààlà. Bí hóró bá ṣe kéré tó ni ààlà ṣe ń pọ̀ tó, tí irin sì ń lágbára tó. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì ló kọ ọ́ sílẹ̀: E. O. Hall ní 1951, N. J. Petch ní 1953.

Nígbà náà, kí ni ọmọ owú ń ṣe? Bí irin bá gbóná dé bíi 1,100°C, lílù á da ètò hóró rú, á fà wọ́n gùn. Ooru náà á wá mú kí hóró tuntun hù láti ẹ̀bá ààlà, kéékèèké, yanturu, bí koríko ṣe ń hù lórí ilẹ̀ tí ọkọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá. Ọmọ owú àti ooru ló jọ ṣe é.

Ṣùgbọ́n bí irin bá tún pẹ́ nínú iná lẹ́yìn tí lílù parí, hóró ńlá á bẹ̀rẹ̀ sí í gbé kékeré mì. Ohun tí mo ṣe nìyẹn. Mo dá ọ̀bẹ padà sínú èédú, mo fẹ́ ẹwìrì títí ó fi ń ta pàrà, ibẹ̀ ni mo ti rì í bọ omi. Gbogbo lílù yẹn ti já sófo kó tó kan omi. Àwọn tó ń ṣe irin alágbára fún ẹ̀rọ ọkọ̀ máa ń fi vanadium, irú mẹ́táàlì kan, díẹ̀ sí i, kó lè dà bí èèkàn ní ààlà, kí hóró má ráyè tóbi.

Bàbá mi náà máa ń sọ pé òun ń fún irin pọ̀ ni. Ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ bá kù díẹ̀ kó parí, tí irin pọ́n bíi tàtàṣé lásán, á ní kí n gbọ́wọ́ kúrò lára ẹwìrì.