Dúdú òkúta kò sọ ohun tó wà nínú rẹ̀

Ẹnì kan tún ti gbé àwòrán obsidian jáde, ìyẹn òkúta dúdú tó ń dán bíi dígí, ó ní dúdú tó dú yẹn fi hàn pé irin ló kún inú rẹ̀, pé ọmọ ìyá kan náà lòun àti basalt, òkúta dúdú míì tó ti inú òkè ayọnáyèéfín jáde. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú èèyàn. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ ohun tó wà nínú òkúta tó ti inú òkè ayọnáyèéfín jáde, ẹ gbé ti àwọ̀ jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná.

Nínú obsidian, sílíkà (èròjà tí wọ́n fi ń ṣe dígí) máa ń kó nǹkan bí ìdá 70 sí 75 nínú ọgọ́rùn-ún. Irin ńkọ́, pẹ̀lú ọ́síjìn tó so mọ́ ọn? Ó sábà máa ń wà láàárín ìdá 1 sí 2. Sílíkà inú basalt jẹ́ 45 sí 52, irin rẹ̀ sì sábà máa ń tó 8 sí 12. Granite, tó mọ́lẹ̀ lójú, ni ìbátan obsidian. Bí wọ́n ṣe tutù ló yàtọ̀: granite ń tutù díẹ̀díẹ̀ nísàlẹ̀ ilẹ̀, ó ráyè di hóró quartz àti feldspar tí ojú lásán ń rí. Obsidian tutù wàrà, ó di dígí.

Kí ló wá sọ ọ́ di dúdú? Hóró magnetite (irin tó so mọ́ ọ́síjìn) tín-tìn-tín, tó fọ́n káàkiri inú dígí náà. Ẹ̀kán tàdáwà kan lè sọ omi ife kan di dúdú, síbẹ̀ omi ló ṣì jẹ́. Ẹ mú èérún obsidian tó fẹ́lẹ́, ẹ gbé e síwájú iná: ìmọ́lẹ̀ á gba etí rẹ̀ kọjá. (Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ o, etí yẹn mú bí abẹ.)

Ní erékùṣù Lipari ní Ítálì, pumice funfun, òkúta fífúyẹ́ tó kún fún ihò, wà, obsidian tó dú bíi kóró iṣin náà wà níbẹ̀, èròjà méjèèjì sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀. Ihò afẹ́fẹ́ ló mú kí pumice funfun, bí ìfófòó ṣe máa ń funfun bí ọṣẹ tiẹ̀ ní àwọ̀.

Ẹni tó bá ṣì ń jiyàn, kó wọ̀n ọ́n. Ẹ gbé abọ́ omi sórí òṣùwọ̀n, kẹ́ ẹ dá òṣùwọ̀n padà sí òdo. Ẹ fi òwú so òkúta tó wọn 300 gíráàmù, kẹ́ ẹ rì í sínú omi pátápátá láìjẹ́ kó kan ìdí tàbí ẹ̀gbẹ́ abọ́. Iye tí òṣùwọ̀n bá sọ ni kẹ́ ẹ fi pín 300; èsì rẹ̀ ni iye ìgbà tí òkúta náà fi wúwo ju omi tí ìtóbi wọn jọ dọ́gba. Obsidian á mú un dé nǹkan bí 125, èsì rẹ̀ á jẹ́ 2.4. Basalt á dúró nítòsí 103, èsì rẹ̀ á jẹ́ 2.9. Irin àti magnesium ló mú un wúwo bẹ́ẹ̀. Bí òkúta bá kan ìdí abọ́, òṣùwọ̀n á ka ìwúwo rẹ̀ mọ́ ọn, èsì á sì kéré ju bó ṣe yẹ lọ. Basalt tó ní ihò náà á tàn yín jẹ, torí afẹ́fẹ́ tó há sínú rẹ̀. Èyí tó dì ni kẹ́ ẹ wá. Òòfà líle tẹ́ ẹ fi òwú so rọ̀ sábà máa ń fà mọ́ basalt, àmọ́ kì í sábà mira lẹ́gbẹ̀ẹ́ obsidian.

Mo gbà pé lára òkúta tí hóró rẹ̀ hàn sójú, àwọ̀ máa ń ranni lọ́wọ́ díẹ̀: pyroxene, hóró dúdú kan, ló mú kí gabbro, ìbátan basalt tó tutù díẹ̀díẹ̀, dú ju granite lọ. Àmọ́ òkúta dúdú míì wà tó jẹ́ òkúta ẹfun lásán, tí èérí kábọ́ọ̀nù pa láró. Ẹ kán ọtí kíkan sí ìyẹ̀fun rẹ̀, á hó.

Ẹ tún wo òkúta kan tó ń jẹ́ dunite. Sílíkà rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdá 40 lọ, ó kéré sí ti basalt pàápàá, olivine, hóró aláwọ̀ ewé kan, ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kó gbogbo ara rẹ̀. Síbẹ̀ kò dú, àwọ̀ ewé ló ní.