Ẹ kó ikọ̀ kejì àwọn ẹgbẹ́ ńlá kúrò nínú ife àwọn ẹgbẹ́ kékeré

Ẹ̀yin olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù, ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn. Ó jẹ mọ́ ife kan tí ọ̀pọ̀ wa kì í sanwó wò ní ilé ìwòran, torí pé Arsenal àti Chelsea tí a mọ̀ kọ́ ló ń gbá a. EFL Trophy ni. Àwọn kan mọ̀ ọ́n sí Papa John's, orúkọ onígbọ̀wọ́ rẹ̀ nígbà kan. Vertu ló ń gbé e báyìí.

Ọdún 1983 ni wọ́n dá ife náà sílẹ̀ fún àwọn ẹgbẹ́ tó wà ní ìpele kẹta àti ìkẹrin bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìyẹn League One àti League Two òde òní. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé ẹgbẹ́ kékeré bíi Rotherham tàbí Wycombe kò lè gba FA Cup, àfi bí iṣẹ́ ìyanu bá ṣẹlẹ̀. Ni wọ́n bá ní kí àwọn náà ní tiwọn, kí àwọn tó ń tẹ̀lé wọn nínú òjò àti òtútù lè fi ojú kan Wembley kí wọ́n tó kú. Èrò tó dára gan-an nìyẹn.

Nígbà tó di 2016, wọ́n mú ikọ̀ 16 wọlé láti iléẹ̀kọ́ bọ́ọ̀lù àwọn ẹgbẹ́ ńlá, ìyẹn ikọ̀ kejì wọn. Àwọn ọmọ tí ọjọ́ orí wọn kò ju 21 lọ ló pọ̀ jù nínú wọn. Ẹgbẹ́ 48 tó ni ife wá sún, wọ́n di mẹ́ta-mẹ́ta ní ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan, àlejò kan sì jókòó tì wọ́n. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń sọ pé kò yẹ bẹ́ẹ̀, mo sì ń sọ ọ́ lónìí.

Ẹ jẹ́ ká gba ti Lincoln City yẹ̀ wò. Ẹgbẹ́ yìí ti wà láti ọdún 1884, ṣùgbọ́n títí 2018 fi bẹ̀rẹ̀, kò tíì gbá bọ́ọ̀lù ní Wembley rí. Ní 2018, wọ́n dé ìpele tó kángun sí àṣekágbá ife yìí, àwọn ọ̀dọ́ Chelsea ni wọ́n sì kò lójú. Wọ́n gbá ọ̀mì, ó di pẹnáritì. Ẹ fojú inú wo ìlú kékeré yẹn lálẹ́ ọjọ́ náà: baba tó ti ń lọ sí pápá Sincil Bank láti ìgbà ọmọdé, tó ti rí i tí ẹgbẹ́ rẹ̀ já bọ́ kúrò nínú Líìgì, ìyẹn ìpele mẹ́rin òkè, pátápátá, tó rí i tó padà wọlé ní 2017, àlá gbogbo ayé rẹ̀ wá ku pẹnáritì mélòó kan. Àwọn wo ló sì fẹ́ já àlá náà gbà? Àwọn ọmọ tí ẹgbẹ́ wọn ti lọ sí Wembley títí tó fi sú wọn. Ká ní Chelsea ló wọlé ni, ẹ sọ fún mi, ta ni ì bá ra tíkẹ́ẹ̀tì? Ìlú wo ni ì bá tú síta? Ọlọ́run ṣe é, Lincoln jáwé olúborí. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn bá wọn lọ sí Wembley, wọ́n sì na Shrewsbury ní ayò kan sí òdo, ife di tiwọn.

Àwọn kan máa ń sọ pé, ṣé ẹ rí i báyìí, àwọn ọmọ náà kò gba ife, kí wá ni ariwo fún? Mi ò gba èyí. Bí wọ́n bá lè dé ìpele yẹn, wọ́n lè gbà á, ẹgbẹ́ kékeré kan ló sì máa ń já síta ní gbogbo ìgbà tí ikọ̀ kejì kan bá tẹ̀ síwájú.

Ohun tó ń bí mi nínú jù ni pé ikọ̀ kejì kò ní ohunkóhun tó lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní 2017, Leyton Orient já kúrò nínú Líìgì lẹ́yìn ọdún 112. Bí wọ́n ṣe já yẹn, ife yìí náà bọ́ lọ́wọ́ wọn, wọ́n ní láti forí ṣe fọrùn ṣe fún ọdún méjì kí wọ́n tó padà. Ikọ̀ ọ̀dọ́ tó wá láti ẹgbẹ́ ńlá ńkọ́? Kò gòkè láti ibì kankan, kò sì lè já. Ohun tó fi ń wọlé ni pé iléẹ̀kọ́ bọ́ọ̀lù ẹgbẹ́ rẹ̀ wà ní ipò kìn-ín-ní. Owó ló sì ń kọ́ irú iléẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀.

Àwọn alátìlẹ́yìn kò sì panu mọ́. Ọ̀pọ̀ wọn kọ̀ láti lọ sí pápá. Nígbà tí Fleetwood gbàlejò àwọn ọ̀dọ́ Blackburn lóṣù Kẹjọ 2016, àwọn tó wá wòran kò tó 400. Ẹ gbé ìyẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ àṣekágbá 2019, nígbà tí Portsmouth àti Sunderland pàdé: èèyàn 85,021 ló wọ Wembley lọ́jọ́ náà. Ife kan náà ni o. Ìlú méjì ló wá fi ara wọn hàn lọ́jọ́ náà.

Lọ́dún àkọ́kọ́ tí ikọ̀ kejì wọlé ni wọ́n tún ń bu owó ìtanràn lé àwọn ẹgbẹ́ kékeré tí kò kó ògbólógbòó agbábọ́ọ̀lù wọn wọ pápá. Luton kó àwọn ọmọ tí wọ́n fọwọ́ ara wọn tọ́ sínú eré, àwọn ọmọ náà sì gbá a dáadáa, síbẹ̀ wọ́n ní kí ẹgbẹ́ náà san owó ìtanràn. Portsmouth náà san tiẹ̀. Bradford ní tiwọn kó aṣọ́lé wọn àgbà wọlé, lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ta péré ni wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, kí òfin má baà mú wọn. Wọ́n ní torí àwọn ọ̀dọ́ ni wọ́n ṣe yí ife padà, wọ́n wá ń fi ìyà jẹ ẹni tó ní kí ọ̀dọ́ tirẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù. Ọ̀dọ́ ta ni wọ́n ń sọ gan-an?

Mo gbà pé ọmọ ọdún 19 nílò kí ó bá àgbà ọkùnrin du bọ́ọ̀lù kó tó lè gbọ́n. Òótọ́ ni, mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn. Àmọ́ ọ̀nà rẹ̀ ti wà tipẹ́. Tottenham yá Leyton Orient ní Harry Kane ní 2011, ọmọ ọdún 17 ni, ibẹ̀ ló sì ti kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n nínú Líìgì. Ọmọ wa Ademola Lookman, Charlton ló ti gòkè, kó tó bọ́ sí Everton ní 2017, òun náà ló wá di agbábọ́ọ̀lù tó dára jù ní Áfíríkà ní 2024. Dele Alli, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, wà lórí pápá nígbà tí MK Dons lu Manchester United ní ayò mẹ́rin sí òdo ní 2014. Àwọn ẹgbẹ́ kékeré yìí gan-an ni wọ́n ń sọ ọmọdé di àgbà, torí pé bí ó bá ṣe àṣìṣe níbẹ̀, owó oṣù àwọn èèyàn wà níbẹ̀, ìlú á sì gbọ́.

Wọ́n tún máa ń ní ká wo Spéènì, ká wo Jámánì. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wò ó. Ní 1980, Castilla, ikọ̀ kejì Real Madrid, dé àṣekágbá Copa del Rey, ife orílẹ̀-èdè Spéènì. Ta ni wọ́n bá níbẹ̀? Real Madrid! Àgbà na àbúrò ní ayò mẹ́fà sí ẹyọ kan nínú pápá tiwọn fúnra wọn. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, ikọ̀ kejì kankan kò gbá Copa del Rey mọ́. Ní Jámánì, ikọ̀ kejì Hertha Berlin dé àṣekágbá ní 1993, Leverkusen ló borí wọn. Láti 2008 ni ìlẹ̀kùn ife orílẹ̀-èdè ti tì mọ́ irú ikọ̀ bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Àwọn orílẹ̀-èdè méjèèjì tí wọ́n fi ń ṣe àpẹẹrẹ fún wa jẹ́ kí ikọ̀ kejì gbá líìgì, ṣùgbọ́n wọ́n lé e kúrò nínú ife ńlá wọn. Ítálì ni kò ṣọ́ra: ní 2020, ife tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn ẹgbẹ́ Serie C, ìpele kẹta wọn, lọ sọ́wọ́ ikọ̀ kejì Juventus, ẹgbẹ́ tó ti gba ife jù lọ ní ilẹ̀ náà.

Mo mọ̀ pé àwọn ẹgbẹ́ kékeré Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn ló dìbò pé kí ikọ̀ kejì wọlé. Owó ló fà á, mi ò sì bá wọn wí, torí ẹgbẹ́ Bury kú ní 2019 lójú gbogbo wa, Macclesfield tẹ̀lé e lọ́dún kejì. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí wọ́n ti gbà lọ́wọ́ wọn. Ní 2005, Exeter City, tó ti já kúrò nínú Líìgì tí gbèsè sì wà lọ́rùn rẹ̀, gbá ọ̀mì pẹ̀lú Manchester United ní Old Trafford nínú FA Cup, owó àtúngbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ yẹn sì ràn wọ́n lọ́wọ́ láti jáde nínú gbèsè. Láti sáà 2024 sí 2025, kò sí àtúngbá mọ́ nínú FA Cup láti ìpele kìn-ín-ní lọ sókè. Sáà yẹn kan náà ni wọ́n dá ife tuntun sílẹ̀ níbi tí àwọn ẹgbẹ́ National League ti ń kojú ikọ̀ ọ̀dọ́ àwọn ẹgbẹ́ ńlá. Ó ti sọ̀ kalẹ̀ dé ìpele karùn-ún nìyẹn.

Ohun tí mo fẹ́ kò ṣòro. Láàrin 2000 sí 2006, àwọn ẹgbẹ́ ìpele karùn-ún ni wọ́n máa ń pè wá kún EFL Trophy. Kí wọ́n fún wọn ní àyè 16 tí ikọ̀ ọ̀dọ́ ń lò yẹn. Ẹgbẹ́ 24 ló wà ní National League, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ti gbá Líìgì rí, tí wọ́n ní pápá tiwọn, tí wọ́n sì ní èrò lẹ́yìn. Bí Premier League bá fẹ́ ran àwọn ẹgbẹ́ kékeré lọ́wọ́, kí wọ́n fún wọn lówó láìbéèrè àyè nínú ife wọn. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù, bí ẹ bá fẹ́ wo bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, tí ẹ sì rí i pé ikọ̀ ọ̀dọ́ ló ń bọ̀, ẹ fi owó yín pamọ́ di ọjọ́ Sátidé, kí ẹ wá ra tíkẹ́ẹ̀tì líìgì Charlton tàbí Orient.