Ọrun líle kọ́ ló ń pa ẹran o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ máa fi ọfà ṣọdẹ

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nínú mi. Gbogbo ìgbà tẹ́nì kan bá ti béèrè pé òun fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọrun ayé àtijọ́ ṣọdẹ, longbow (ọrun gígùn) tàbí recurve (èyí tí ṣóńṣó apá ẹ̀ tẹ̀ padà síwájú), tí kò ní kẹ̀kẹ́ létí bíi ti compound, ọrun òde òní, pé ọrun wo ni kóun rà, kó tó ṣẹ́jú àwọn èèyàn á ti máa sọ fún un pé "ra 55, tó o bá lágbára ra 60, èyí tí ò bá ti tó 50 ò lè pa nǹkan kan, ara ẹ á mọ́ ọn tó bá yá." Pọ́n-ùn tí wọ́n fi ń wọn bí ọrun ṣe le tó láti fà ni nọ́ńbà yẹn. Tí ẹni náà bá wá jẹ́ géńdé tó ń gbé irin, ojú á tì í láti ra nǹkan tó kéré sí 60. Ẹ jọ̀ọ́, irọ́ ni. Ó ń ba èjìká jẹ́, ó ń ba ọwọ́ ìtafà jẹ́, èyí tó wá dùn mí jù níbẹ̀ ni pé ó ń jẹ́ kí ẹran gbọgbẹ́ kó lọ kú sínú igbó níbi tẹ́nì kankan ò ti ní rí i.

Èmi náà gba ìmọ̀ràn yẹn. Recurve tí mo kọ́kọ́ rà, wọ́n kọ ọ́ sí apá ìsàlẹ̀ ẹ̀ pé 55 ní íńṣì 28. Ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé tó o bá fa ọsán ẹ̀ dé íńṣì 28, pọ́n-ùn 55 ló rọ̀ mọ́ ìka mẹ́ta tó o fi dì í mú. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi ń bá a wọ̀yá ìjà, mò ń sọ fún ara mi pé mo ti ń le sí i. Lọ́jọ́ kan, bàbá àgbàlagbà kan tá a jọ máa ń ta ọfà ní kí n dúró ná, wọ́n mú ọfà kan tí wọ́n ti fi bírò fa àmì íńṣì sí lára fún mi, wọ́n ní kí n fà bí mo ṣe máa ń fà. Íńṣì 25 ni mo fà á dé. Bàbá ò sọ nǹkan kan, èékánná ni wọ́n kàn fi tọ́ka sí àmì yẹn. Íńṣì kan péré tó o bá fi fà kéré, nǹkan bíi pọ́n-ùn méjì ààbọ̀ ló ti lọ, ìyẹn ni pé 55 tí mo fi ń yangàn, bíi 47 ló ń ta ọfà mi jáde. Ìyà 55 ni mò ń jẹ, èrè 47 ni mò ń gbà. Ọwọ́ mi ò sì dé igun ẹnu rí, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ló yẹ kó máa kàn nígbà gbogbo kí ọfà tó lè máa lọ síbi kan náà.

Bí ọrun tó le juni lọ ṣe ń ṣe èèyàn nìyẹn. Ara á bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù ẹrù yẹn, ìka á máa jù ú sílẹ̀ kí ojú tó fìdí múlẹ̀ síbi tó fẹ́ ta, tó bá pẹ́ á di àṣà, àṣà yẹn sì le láti fi sílẹ̀ ju sìgá lọ. Mo mọ àwọn tó kó ọrun wọn sílẹ̀ pátápátá torí ẹ̀. Ti èjìká tún wà níbẹ̀: àwọn okùn iṣan kéékèèké tó di oríkèé èjìká mú kì í tètè le bíi ti iṣan apá, tí wọ́n bá sì ti fà, oṣù lèèyàn máa fi jókòó wò wọ́n. Irin gbígbé ò fi bẹ́ẹ̀ ranni lọ́wọ́, torí iṣan tó ń fa ọrun wà lẹ́yìn, láàárín eegun pẹlẹbẹ méjèèjì tó wà lẹ́yìn èjìká, iṣan tí ọ̀pọ̀ wa kì í lò fún nǹkan kan láti àárọ̀ ṣúlẹ̀.

Ọrun 55 yẹn náà ni mo gbé lọ sígbó. Àgbọ̀nrín kan dúró síwájú mi, ó fi ẹ̀gbẹ́ sí mi, ibi tó wà ò tó ogún yáàdì, ṣùgbọ́n mo ti jókòó nínú òtútù fún wákàtí mẹ́ta, gbogbo iṣan mi ti gan. Mo fa ọrun dé ìdajì, ó ń gbọ̀n lọ́wọ́ mi, mo jù ú sílẹ̀. Ọfà lọ bá a lẹ́yìn ibi tó yẹ, ó wọ inú ìfun. Ìgbà tí mo rí ọfà náà nílẹ̀, ohun tó wà lára ìyẹ́ ẹ̀ aláwọ̀ ewé ni, ó sì ń rùn, kò sí ẹ̀jẹ̀ gidi kan níbẹ̀. Irú ọgbẹ́ yẹn, èèyàn gbọ́dọ̀ fi ẹran sílẹ̀ fún wákàtí mẹ́fà sí mẹ́jọ, ó kéré tán, kó tó tẹ̀ lé e, kó lè dùbúlẹ̀ síbi tó sún mọ́ tòsí. Mi ò mọ̀ nígbà yẹn, ìdajì wákàtí ni mo fún un, bó ṣe gbúròó mi ló tún dìde. Mo wá a títí di ọjọ́ kejì, mi ò rí i. Títí dòní tí mo bá rántí, inú mi kì í dùn, ẹran yẹn ò yẹ fún irú ikú yẹn.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ohun tó ń pa ẹran gan-an. Ọfà ò dà bí ọta ìbọn, kì í gbá ẹran ṣubú, ọ̀bẹ ni, gígé ló ń gé, ẹ̀jẹ̀ tó ń dà ló sì ń parí iṣẹ́. Tí orí ọfà tó mú bá gba inú ẹ̀dọ̀fóró méjèèjì kọjá, ẹran náà á sáré díẹ̀, á rọra ṣubú, ọ̀pọ̀ ìgbà ìṣẹ́jú kan ò ní pé. Ẹ̀jẹ̀ tẹ́ ẹ máa rí nílẹ̀ á pọ́n rokoṣo, á ní ìfófòó. Ẹran tí ò ju àgbọ̀nrín lọ, eegun ìhà ẹ̀ tín-ínrín, kò nílò agbára òmìrán kí ọfà tó wọ ibẹ̀ já sí òdìkejì. Ohun tó nílò ni kí orí ọfà mú, kí ọfà wúwo tó, kó fò tààrà, kó sì bọ́ síbi tó yẹ. Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí, kò sí ìkankan tí ọrun líle máa bá ọ ṣe.

Ẹ wo ti ìwúwo. Ẹ ju bọ́ọ̀lù tẹníìsì orí tábìlì kan, kẹ́ ẹ tún ju òkúta tó tóbi bíi tiẹ̀, ọwọ́ kan náà ló jù wọ́n, ṣùgbọ́n ẹ ti mọ èyí tó máa wọ ara nǹkan. Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí máa ń wọn ọfà ní grain, ìwọ̀n kékeré kan, wọ́n á ní kí pọ́n-ùn ọrun kọ̀ọ̀kan ní nǹkan bíi grain mẹ́wàá, ìyẹn ni pé ọrun 45 á ta ọfà tó tó grain 450 sókè, bíi gíráàmù 29. Ọfà tó wúwo báyìí kì í jẹ́ kí ọrun pariwo púpọ̀. Àwọn kan á ní ṣé kò ní falẹ̀ ni? Á falẹ̀ díẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọfà láti ọrun ayé àtijọ́ kì í sábà ju ẹsẹ̀ bàtà 200 ní ìṣẹ́jú àáyá kan lọ, ariwo ọsán ń rin bíi 1,100, nítorí náà yálà 45 lo gbé ni o, 60 lo gbé ni o, etí ẹran á ti gbọ́ kí ọfà tó dé. Sísún mọ́ ọn ló máa gbà ọ́, kì í ṣe ìyára.

Ti pé kí ọfà fò tààrà náà nìyẹn, ọ̀pọ̀ kì í kà á sí. Ọ̀pá ọfà gbọ́dọ̀ le níwọ̀n tó bá ọrun mu, torí tó o bá jù ú sílẹ̀ ó máa ń tẹ̀ sọ́tùn-ún sósì bí ẹja kó tó nà. Tó bá rọ̀ jù tàbí tó gan jù, á máa gbọn ìdí lọ, orí ẹ̀ á lọ fi ẹ̀gbẹ́ wọ ara ẹran, agbára tó kù á sì ṣòfò síbẹ̀. Ọrun 45 tí ọfà ẹ̀ ń fò gbọọrọ yóò wọlé jìnnà ju 60 tí tiẹ̀ ń jó lọ. Orí ọfà ńkọ́, ẹ na rọ́bà tín-ínrín kan láàárín ìka méjì, kẹ́ ẹ fi ojú ẹ̀ kàn án láì tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Tí kò bá gé e lójú ẹsẹ̀, ẹ padà sídìí fáìlì àti òkúta ìpọ́nrin, ẹ má gbé e lọ sígbó.

Àwọn tó ń sọ pé ọrun gbọ́dọ̀ le fẹ́ràn láti mú àwọn ará àtijọ́ ṣe ẹ̀rí. Wọ́n á ní Mary Rose, ọkọ̀ ojú omi àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó rì lọ́dún 1545 tí wọ́n gbé sókè lọ́dún 1982, pé ọrun tí wọ́n bá níbẹ̀ ju pọ́n-ùn 100 lọ. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọrun ogun nìyẹn, àwọn tó ń fà á sì ti ń fà láti kékeré, débi pé ó hàn lára eegun èjìká àwọn kan lára òkú tí wọ́n rí. Wọ́n tún á ní àwọn Hadza, ẹ̀yà ọlọ́dẹ kan ní Tanzania, ń fa ọrun tó le gan-an, òótọ́ nìyẹn náà, ẹ wò ó, ọmọkùnrin Hadza ti ní ọrun kékeré tiẹ̀ láti bí ọmọ ọdún mẹ́ta. Ọ̀kọ̀ọ̀kan là ń yọ ẹsẹ̀ lábàtà, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Àwọn San, ẹ̀yà ọlọ́dẹ ní aṣálẹ̀ Kalahari ní gúúsù Áfíríkà, sì wà níbẹ̀ tí ọrun wọn fúyẹ́ gan-an, torí májèlé ara kòkòrò tí wọ́n ń fi sí ọfà ló ń pa ẹran fún wọn, ìyẹn ò wá kàn wá.

Ẹni tí mo fẹ́ràn láti rántí ni Ishi, ọmọ ẹ̀yà Yahi, ọ̀kan lára àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà, tó jáde wá láti inú igbó California lọ́dún 1911, tó sì kọ́ dókítà Saxton Pope ní ìtafà. Ọrun ọdẹ ẹ̀ tí Pope wọ̀n, bíi pọ́n-ùn 45 ni. Ẹni tó jẹ́ pé ohun tó ń fi ọrun pa ló ń jẹ ni o. Ohun tí Ishi fi dí ohun tí 45 ò ní ni sùúrù: kì í mu tábà tó bá fẹ́ lọ ọdẹ, á wẹ̀ kí òórùn ara ẹ̀ má bàa lé ẹran, á ba síbi kan, á máa pe ẹran títí tó fi máa dé itòsí.

Mo gbà pé ibì kan wà tí 45 ò tó. Ẹran ńlá bíi moose, ẹran oníwo tó tóbi ju àgbọ̀nrín lọ dáadáa, òfin ìpínlẹ̀ Alaska ní Amẹ́ríkà béèrè 50 ó kéré tán. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà, iye tí wọ́n fi lélẹ̀ fún àgbọ̀nrín wà láàárín 30 sí 40, nígbà tí wọn ò gba kéèyàn fi ọfà ṣọdẹ àgbọ̀nrín rárá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Jámánì, nítorí náà ẹ béèrè òfin ibi tẹ́ ẹ wà kẹ́ ẹ tó náwó. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó yẹ kó fi moose bẹ̀rẹ̀.

Ẹ ra recurve tí wọ́n lè tú apá ẹ̀ (ti òkè àti ti ìsàlẹ̀ tó ń tẹ̀), èyí tó jẹ́ pé ibi ìdìmú kan náà lẹ máa lò tẹ́ ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ apá sí èyí tó le sí i. Ẹ fi apá 30 tàbí 35 bẹ̀rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti lè fà á jẹ́jẹ́ dé igun ẹnu, kẹ́ ẹ ka ení, èjì dé ẹ̀wá láì gbọ̀n, kẹ́ ẹ tún rọra dá a padà, ẹ fi pọ́n-ùn márùn-ún kún un. Ẹ má ju ọsán sílẹ̀ láì sí ọfà lórí ẹ̀ o, ó lè fọ́ ọrun. Ọfà àkọ́kọ́ ní àárọ̀, nígbà tí ara ò tíì gbóná, òun ni kẹ́ ẹ máa kọ ibi tó bọ́ sí sílẹ̀, torí inú igbó kò sẹ́ni tó máa fún yín ní ìkejì.

Ọdún kan àti oṣù díẹ̀ ni mo lò kí n tó dé 45. Àgbọ̀nrín tó tún fi ẹ̀gbẹ́ sí mi, mo fi ẹsẹ̀ wọn ibẹ̀ lẹ́yìn náà, yáàdì mẹ́rìnlá. Ọwọ́ mi kan igun ẹnu, ó dúró. Mi ò tiẹ̀ rí ọfà náà bó ṣe ń lọ, ohun tí mo gbọ́ ni ìró bí ẹni fọwọ́ gbá ìlù tó rọ̀. Ó sáré wọ inú koríko, mo gbọ́ tó ṣubú, mo sì jókòó fún ìdajì wákàtí bó ṣe yẹ. Ìgbà tí mo dìde, ọfà mi wà ní ìkọjá ibi tó ti dúró, orí ẹ̀ ti wọlẹ̀ tó ìbú ọwọ́ mi, ìyẹ́ ẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ́n, ó tutù fún ẹ̀jẹ̀.