Àtúnṣe: Iye kan ṣoṣo kò tó láti fi sọ ariwo àpótí jẹnẹrétọ̀

Àtẹ̀jíṣẹ́ kan ń kiri lórí WhatsApp láti Ìlọrin dé Ọ̀fà. Ó ní bí kọ̀ǹpútà bá ti ṣírò pé ariwo àpótí irin tí wọ́n fẹ́ fi bo jẹnẹrétọ̀ jẹ́ 60 dB (dẹ̀síbẹ́lì, òṣùwọ̀n ariwo), kò lè lé, kò lè dín. Irọ́ ni.

Ohun tí a bá fún kọ̀ǹpútà ló máa fi ṣírò. A lè kọ irin tó nípọn tó 2 mm síbẹ̀, kí èyí tí wẹ́dà rà lọ́jà jẹ́ 1.8 mm. Ìyẹn nìkan á dín iye ìgbà tí irin náà ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan kù ní bí ìdá kan nínú mẹ́wàá.

Èyí tó ká mi lára jù ni bí irin ṣe ń pa ìgbọ̀n ara rẹ̀. Ojú wẹ́dìn, bóòtù àti rọ́bà ló ń pinnu rẹ̀, ó sì ṣòro láti mọ̀ kí a tó kan àpótí náà. Bó bá jẹ́ ìdajì ohun tí a rò, ìgbọ̀n á di ìlọ́po méjì níbi tí ìró ẹ́ńjìnnì bá ti bá ti irin mu: 6 dB ti gorí rẹ̀ nìyẹn. Ẹ bi onílù: ìlù méjì tí a gbẹ́ lára igi kan náà, ṣé ohùn wọn máa ń dọ́gba?

Oníṣirò tó mọṣẹ́ á yí àwọn iye wọ̀nyí padà, á ṣírò rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà (Monte Carlo lorúkọ ọ̀nà náà), á wá sọ pé, bí àpẹẹrẹ, "56 sí 65 dB". Ẹ béèrè irú èsì bẹ́ẹ̀ kí ẹ tó sanwó, kí wọ́n sì fi ẹ̀rọ díwọ̀n ariwo náà lẹ́bàá fẹ́ǹsì.